Iyán Ọjọ́ Àṣekágbá

"Àjàní, o ò sí nínú àwọn tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù yẹn lónìí, àbí?" Ìyá Sàrátù bi Muhydeen, ọmọ ọmọ rẹ̀, bó ṣe ń gbé abọ́ iyán kalẹ̀.

"Rárá o, Ìyá Àgbà. Mo kàn tẹ̀ lé wọn wá ni."

Irọ́ gbuu! Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún yìí ni nọ́ńbà mẹ́sàn-án ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Mànàmáná ti Ìjió. Ìyá Sàrátù kì í fún ẹni tó fẹ́ sáré níyán, Muhydeen sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Mànàmáná ò rí irú ọdún yìí rí. Wọ́n na Ìpapó ní méjì sódo, wọ́n na Ṣakí ní mẹ́ta sí ẹyọ kan, wọ́n gba ife ilé. Ó wá ku ife ilẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n fẹ́ bá Ìdí-Emi dù. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Lóòótọ́, ọ̀kadà ò lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ dé Ìdí-Emi, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ẹnubodè ló wà, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni. Bí ìyẹn ò bá jẹ́ òkèèrè, kí ló tún kù? Ọlátúnjí, balógun ẹgbẹ́, ń jáde ìwé mẹ́wàá lọ́dún yìí. Ife yìí ló fẹ́ fi dágbére.

Tíṣà Ládòkun, tó ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù, ti kìlọ̀: "Ẹ̀kọ mímu àti ọsàn nìkan! Ẹni tó bá jẹ òkèlè, kó má wọ pápá." Ohùn Muhydeen ló ròkè jù nínú "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Lẹ́yìn náà ló tọrọ àyè láti lọ kí ìyá ìyá rẹ̀ tó ń gbé ní Ìdí-Emi.

Òkèlè mẹ́ta péré ló lóun máa jẹ. Iyán tán, ẹ̀gúsí ṣẹ́ kù, ó bu iyán sí i. Ẹ̀gúsí tán, iyán ṣẹ́ kù, ó bu ọbẹ̀. Kó tó dìde, ó ti fọ́ eegun itan awó méjì.

"Kí lo jẹ?" Tíṣà bi í nígbà tó dé pápá.

"Omi ni mo mu, sà."

Fèrè dún. Ara Muhydeen wúwo bí àpò àgbàdo. Bọ́ọ̀lù kọjá níwájú rẹ̀, ó kàn wò ó lọ ni. Tíṣà fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, Muhydeen ní, "Sà, ọgbọ́n ni mò ń dá. Mò ń tàn wọ́n jẹ ni."

Ìdí-Emi gbá ẹyọ kan wọlé. Ó ku ìṣẹ́jú kan, Mànàmáná rí pẹ́náítì gbà! Ọlátúnjí nawọ́ sí bọ́ọ̀lù, Muhydeen já a gbà.

"Èmi ni nọ́ńbà mẹ́sàn-án!"

Ó sáré díẹ̀, òsúkè gbé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ ha ilẹ̀. Bọ́ọ̀lù rọra ń yí lọ bí ẹni tó ń lọ kí àna. Jímọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá Muhydeen, ló ń ṣọ́ ilé góòlù fún Ìdí-Emi. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kò lè bẹ̀rẹ̀. Ó kúkú jókòó bọ̀kọ̀tọ̀, bọ́ọ̀lù sì wá bá a lórí itan. Fèrè dún, ó parí.

Ni Ìyá Sàrátù bá já wọ pápá. "Àjàní! O ò ní o ò gbá? Jímọ̀! Ìwọ náà, ṣebí o ní oko lò ń lọ, lo fi jẹ iyán láàárọ̀? Yéè! Ẹ̀yin ọmọ yìí fẹ́ pa mí!"

Àwọn òǹwòran ìhà méjèèjì kú sẹ́rìn-ín. Muhydeen náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, àfi bó ṣe rí Ọlátúnjí tó fi aṣọ bọ́ọ̀lù bojú, tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ojú tì í dé ìka ẹsẹ̀. Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá Ọlátúnjí, ẹ má bínú. Mo jẹ iyán, mo purọ́ fún Ìyá Àgbà, mo purọ́ fún Tíṣà lẹ́ẹ̀mejì. Ife yín ni mo jẹ."

Ọjọ́ yẹn ló yé Muhydeen pé iyán ò ṣe nǹkan kan. Irọ́ tó fi rà á ló gba ife lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ẹni tó bá ń bá èèyàn ṣiṣẹ́ pọ̀ ò gbọ́dọ̀ fi òótọ́ pamọ́ fún wọn.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, kí wọ́n tó wọ pápá, Tíṣà bi í, "Kí lo jẹ?"

"Ẹ̀kọ mímu, sà. Àti ẹ̀pà mẹ́rin."

Ó rìn díẹ̀, ó sáré padà.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, márùn-ún ni. Mo gbàgbé ọ̀kan."