Kí Ló Wà Nínú Rẹ̀?

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí obìnrin náà bá Káfíńtà sọ láyé nìyẹn. Kò kí i, kò bèèrè ibi tó ti wá. Káfíńtà na àwo kéèkì sí i, òun sì na ìbéèrè padà.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi ni, nínú gbọ̀ngán ìjọ. Wọ́n pe Káfíńtà wá wo àwọn bẹ́ǹṣì tó ti ń mì, ó sì bá gbogbo ìjọ lẹ́nu oúnjẹ, àfi obìnrin yìí nìkan tó jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì, fúláàsì oúnjẹ láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Àánú rẹ̀ ṣe é. Ó rò pé wọ́n gbàgbé rẹ̀ ni.

"Kéèkì ni," ni Káfíńtà dáhùn. "Kí lẹ tún ń retí kó wà nínú kéèkì? Ìṣó?"

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Fúláwà ńkọ́? Bọ́tà? Mílíìkì?"

"Gbogbo wọn á kúkú wà níbẹ̀."

"Ẹ bá mi jẹ tèmi mọ́ tiyín nígbà náà. Ara mi ò gbà wọ́n."

Ẹlòmíì ì bá gbé àwo rẹ̀ lọ. Káfíńtà jókòó. Ó ní ṣé òun lè mọ ohun tó wà nínú fúláàsì náà, òun náà lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè. Ọ̀dùnkún sísè ló wà níbẹ̀. Obìnrin náà fún un ní ẹyọ kan, Káfíńtà sì jẹ ẹ́ bí ẹni tí kò jẹun láti àná. Bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Télọ̀ ni obìnrin náà, ṣùgbọ́n Onífúláàsì ni wọ́n ń pè é nínú ìjọ. Àwọn kan ń fi ṣeré, àwọn kan ò ṣeré. Bí fúláwà tàbí mílíìkì bá kan ẹnu rẹ̀, ì báà má ju ohun tí ń lẹ̀ mọ́ orí ìka lọ, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ọ, ara rẹ̀ á sú, ojú rẹ̀ á wú pa dé, ó di ọjọ́ mẹ́ta lórí bẹ́ẹ̀dì. Dókítà ti sọ fún un pé kò sí oògùn rẹ̀ ju kó yẹra fún wọn lọ. Nínú àpò tó ń kó abẹ́rẹ́ àti òwú sí, ìwé kékeré kan wà níbẹ̀. Gbogbo ohun tó bá jẹ ló ń kọ síbẹ̀, àti ohun tí ara rẹ̀ sọ sí i. Èyí tí ara bá kọ̀, á fi bíírò pupa fa ìlà sí i lórí.

Bí wọ́n bá gbé búrẹ́dì Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa jáde, gbogbo ìjọ á dìde, òun á jókòó. Wọ́n ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀ ló ń dá a jókòó.

"Nígbà míì mo máa ń rò pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni ò fẹ́ mi nídìí tábìlì rẹ̀," ló sọ fún Káfíńtà lọ́jọ́ kan. Ó rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dénú.

Káfíńtà lọ fi igi gbẹ́ ṣíbí tuntun fún un. Ó ra ìkòkò tuntun, ó gbé e sórí àjà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò jẹ́ kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kàn án. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń se ìrẹsì rírọ̀: á lọ ìrẹsì, á sè é títí á fi kì, á gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ sí i, á wá da oyin lé e. Ọ̀sán kọ̀ọ̀kan ni télọ̀ wá ń jẹun nínú ṣọ́ọ̀bù náà, láàárín èérún igi.

Oṣù àkọ́kọ́, kò sígbà tí kì í bèèrè: "Kí ló wà nínú rẹ̀?" Káfíńtà á kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Oṣù kejì, bákan náà. Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan, ó gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ròyìn oníbàárà kan tó ní kọ́là aṣọ òun fún òun lọ́rùn, ó ki ṣíbí bọ abọ́, ó sì ń jẹ lọ. Káfíńtà dúró de ìbéèrè. Ìbéèrè ò wá.

"O ò bèèrè," ni Káfíńtà wí.

"Bèèrè kí ni?" Ó gbé ṣíbí dúró. Nígbà tó yé e, omi lé ròrò sí i lójú. "Káfíńtà mi, ìwọ nìkan ni mo lè jẹun lọ́wọ́ rẹ̀ láì bèèrè. Ṣé o mọ̀?"

Ó mọ̀. Ọjọ́ náà ni Káfíńtà ní kó fẹ́ òun; obìnrin náà gbà, ó sì gba òrùka rẹ̀.

Ó wá ku ìyá Káfíńtà. Ènìyàn dáadáa ni Màmá, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Láti àárọ̀ ló ti wà ní kíṣíìnì nítorí àlejò rẹ̀, àfẹ́sọ́nà ọmọ rẹ̀. Nígbà tí oúnjẹ dé orí tábìlì, àlejò kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó wá ní, "Màmá, ẹ má bínú sí mi. Kí ló wà nínú rẹ̀?"

Màmá fajú ro. "Òógùn mi ló wà nínú rẹ̀, ọmọ mi. Látàárọ̀."

Àlejò ṣí fúláàsì rẹ̀. Ohun tó ba ọjọ́ náà jẹ́ nìyẹn.

"Ṣé ó rò pé mo fẹ́ fún òun ní májèlé jẹ ni?" ni Màmá bi ọmọ rẹ̀ nígbà tó lọ tán.

"Màmá, àìsàn ni. Ẹ jọ̀ọ́."

"Àìsàn inú orí ni. A ò ha gbàdúrà fún un níwájú pẹpẹ? Bu mílíìkì díẹ̀ sóúnjẹ rẹ̀, má sọ fún un. Bí kò bá ṣe é ní nǹkan kan, ìwòsàn ti dé nìyẹn, màá sì fi ẹnu ara mi súre fún yín. Bí o ò bá lè dán an wò, ẹ má pè mí síbi ìgbéyàwó kankan."

Káfíńtà ra mílíìkì lẹ́búlẹ́bú. Ààbọ̀ ṣíbí tíì ló bù sí i, ó rò ó pọ̀ mọ́ ìrẹsì títí kò fi hàn mọ́. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ìgbàgbọ́ lòun fi ń ṣe é. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ìyá rẹ̀ ló ń bà á.

Obìnrin náà gba abọ́. Kò bèèrè. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fi ṣíbí ha ìdí abọ́.

Kò tó wákàtí méjì tí ara rẹ̀ fi sú. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ wú, kò lè ríran. Káfíńtà jókòó tì í, ó ń fi aṣọ tútù nu ojú rẹ̀, omijé ń dà lójú òun náà. Obìnrin náà wá ọwọ́ rẹ̀ kiri, ó dì í mú.

"Má sunkún, ìfẹ́ mi. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ."

Ibẹ̀ ló yẹ kó ti sọ ọ́. Dípò bẹ́ẹ̀, ó tún rẹ aṣọ náà sínú omi.

Ó lọ sọ fún Màmá. Màmá káwọ́ lérí. "Mo gbé," ló wí. "Má sọ fún un o. Á kọ̀ ọ́." Káfíńtà tún gbọ́ ti ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà tí ojú obìnrin náà là, ó mú ìwé rẹ̀, ó ń wá ohun tó ṣe òun. "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, àbí?" Ó fi bíírò pupa fa ìlà lé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lórí. Káfíńtà ń wò ó. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó rántí pé òun jẹ ọ̀dùnkún láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ọ̀dùnkún tí wọ́n jọ jẹ lórí bẹ́ǹṣì! Ó fa ìlà lé e. Káfíńtà ń wò ó.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó kan oyin. Bíírò dúró lókè ìwé.

"Oyin pàápàá? Bí mo bá ń lá oyin ni mo fi ń mọ̀ pé Ọlọ́run ò gbàgbé ẹnu mi. Ó dáa. Kó máa lọ."

"Má fà á!" Káfíńtà gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. "Kì í ṣe oyin. Kì í ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mílíìkì ni. Èmi ni mo bù ú sí i."

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Obìnrin náà gbọ́ ọ dópin, ó dé bíírò rẹ̀ lórí.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," ló wí. "Ti mílíìkì yẹn, bóyá mo lè gbójú fò ó. Ìyá rẹ ló ní kóo ṣe é. Ṣùgbọ́n o jókòó tì mí, ò ń wò mí bí mo ṣe ń fi ọwọ́ ara mi gba oúnjẹ kúrò lẹ́nu ara mi. O sì mọ̀."

Ó bọ́ òrùka, ó gbé e sórí tábìlì iṣẹ́ láàárín èérún igi. Màmá lọ bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó fún Màmá ní àga, ó ní òun ò bínú sí i, ṣùgbọ́n kò bèèrè Káfíńtà.

Ọdún márùn-ún kọjá. Káfíńtà ò fẹ́ ẹlòmíì. Ìkòkò yẹn ṣì wà lórí àjà, ó ń fọ̀ ọ́ lóòrèkóòrè bí ẹni pé ẹnì kan ń bọ̀ wá jẹun.

Àwọn bẹ́ǹṣì gbọ̀ngán tún bẹ̀rẹ̀ sí í mì, wọ́n sì ránṣẹ́ pè é. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó lọ, ó kọ́kọ́ jókòó sẹ́yìn nínú ìsìn. Wọ́n gbé búrẹ́dì jáde. Onífúláàsì dìde pẹ̀lú gbogbo ìjọ, ó rìn lọ síwájú, ó gbà á, ó jẹ ẹ́, ó sì dijú bí ẹni tó ń tọ́ nǹkan dídùn wò.

"Ìyẹ̀fun ìrẹsì ni a fi ń ṣe é báyìí," ni ọkùnrin tó jókòó tì í sọ. "Ó lọ bá Pásítọ̀, ó ní òun ò ní jókòó mọ́. Pásítọ̀ ní kí gbogbo wa kúkú máa jẹ ìyẹn."

Inú Káfíńtà dùn, àbámọ̀ sì gbá a láyà mú lẹ́ẹ̀kan náà. Òun ló yẹ kó ro èyí. Òun tó lè gbẹ́ ṣíbí.

Nínú gbọ̀ngán, tábìlì gígùn kan wà báyìí, ìkòkò tò lórí rẹ̀, ìwé pélébé níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan tó sọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Onífúláàsì ló ń bu oúnjẹ. Ó ti sanra díẹ̀, ó ń pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín, ọ̀dùnkún wà lẹ́nu rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Káfíńtà dúró sórí ìlà pẹ̀lú ìkòkò orí àjà yẹn lọ́wọ́, èyí tó ti se ìrẹsì rírọ̀ sí láàárọ̀, títí ó fi kàn án.

Wọ́n wo ara wọn.

"Ẹ káàbọ̀," ni obìnrin náà wí. Ẹ ló pè é. Ó wo ìkòkò náà, ó sì mọ̀ ọ́n. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ó rọ̀ bó ṣe ń rọ̀ fún gbogbo ènìyàn.

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

Káfíńtà ṣí ìdérí ìkòkò. "Ìrẹsì. Omi. Iyọ̀ díẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀. Oyin. Kò sí nǹkan míì níbẹ̀. Mo fi Ọlọ́run..."

"Ẹ má búra. Mo gbà yín gbọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti dárí jì yín. Ọkàn mi ti gbọ́. Ọ̀fun mi ni ò tíì gbọ́."

Ó na ìwé pélébé kan sí i pẹ̀lú bíírò. Káfíńtà tẹ̀ mọ́ tábìlì, ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé ìkòkò rẹ̀ sáàárín àwọn tó kù. Àwọn èèyàn bù ú, wọ́n ní ó dùn.

Obìnrin náà bu oúnjẹ sínú àwo láti inú ìkòkò tirẹ̀, ó gbé e lé Káfíńtà lọ́wọ́. Káfíńtà ò ka ìwé iwájú rẹ̀. Ó jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì tó ń mì, kò bèèrè ohunkóhun, ó sì jẹ ẹ́ tán.