Àgò Lẹ́nu Ọ̀nà Alábàárìn

Òótọ́ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹni tí kò bá gbà, kó lọ bi Aláwàdà, ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ nílé iṣẹ́ àwọn tó ń wo ojú ọ̀run. Kò sí ohun tí kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ tó bá ti kan ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn, ohùn rẹ̀ a wálẹ̀.

Obìnrin kan wà níbi iṣẹ́ náà tí wọ́n ń pè ní Abẹ́rẹ́, torí ó tín-ín-rín, ojú rẹ̀ sì mú. Bàbá rẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Bàbá yìí ló rí òkúta kan lójú ọ̀run, kékeré ni, kò ju ilé alájà kan lọ. Ó ń yí oòrùn ká lẹ́gbẹ̀ẹ́ ayé wa, kì í jìnnà, kì í sì í yà wọlé. Bàbá sọ ọ́ ní Alábàárìn. Lọ́dọọdún, lọ́jọ́ kan ṣoṣo tó máa ń sún mọ́ wa, wọn a fi àwo ńlá tó wà níta ta ìgbì rédíò sí i. Ìgbì náà a lọ kọlu òkúta, a padà wá dún nínú sìpíkà. Bí wọ́n ṣe ń mọ ọ̀nà tó ń tọ̀ nìyẹn. Àmọ́ Bàbá kì í tẹ bọ́tìnnì láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ kan tábìlì, kó ní, "Àgò o." Ó ní ọmọlúwàbí kì í já wọ ilé onílé.

Àìsàn wá dé, ó gba ohùn lẹ́nu Bàbá. Ó ń jẹun, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ kò jáde mọ́. Ọ̀rọ̀ kan péré ni Abẹ́rẹ́ ń fẹ́, ì báà jẹ́ èébú. Ìdí tó fi gbé e wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ tí Alábàárìn sún mọ́ wa nìyẹn. Bóyá tó bá gbọ́ ìró ọ̀rẹ́ rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ á tú.

Ọ̀sán ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Aláwàdà po tíì fún Bàbá, Abẹ́rẹ́ sì tẹ bọ́tìnnì. Wọ́n dúró. Kò sí nǹkan. Ó tún un tẹ̀. Pàbó ni.

"Àfàìmọ̀ kó má ti kó lọ," Aláwàdà ní. "Ó lè ti gba ilé síbòmíràn."

Abẹ́rẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Tí òkúta náà bá wọ̀ sẹ́yìn òkè nírọ̀lẹ́, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ta ló mọ̀ bóyá Bàbá á ṣì wà? Ìgbà yẹn ló gbọ́ tí Bàbá ń kan apá àga rẹ̀. Kó! Kó! Kó! Ojú ti Abẹ́rẹ́. Òun ọmọ Bàbá ló wá ń já wọ ilé onílé. Ó kan tábìlì.

"Àgò o."

Kò tíì fọwọ́ kan bọ́tìnnì. Bàbá la ẹnu, ètè rẹ̀ mì, kò sí ohùn. Ó pa ẹnu dé. Wọ́n gbọ́ ṣàà nínú sìpíkà. Ó pẹ́ díẹ̀. Sìpíkà wá húkọ́.

"Àgò yà."

Ohùn Bàbá ni. Ohùn ọjọ́sí ni, èyí tó máa ń mi fèrèsé. Orí Abẹ́rẹ́ fò lọ.

"A ò tíì ta nǹkan kan síta," Aláwàdà rọra sọ. Ó ti ń wo wáyà. "Abẹ́rẹ́, a ò tíì ta nǹkan kan."

Bàbá tọ́ tíì wò. Ètè rẹ̀ tún mì. Wọ́n dúró.

"Ta ló po tíì yìí?" ni sìpíkà wí. "Ṣé ṣúgà ló wọ́n ni, àbí o háwọ́?"

Aláwàdà ti bú sẹ́rìn-ín kó tó rántí pé ó yẹ kóun sá. Ẹ̀rín pa Abẹ́rẹ́ náà, omi ń dà lójú rẹ̀.

"Bàbá, níbo lẹ ti ń sọ̀rọ̀?"

Ètè mì. Wọ́n dúró.

"Ṣebí iwájú ẹ ni mo wà. Ojú ẹ ò ríran mọ́ ni?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n lo ìyókù ọ̀sán. Bàbá bú ṣòkòtò Aláwàdà, ó béèrè àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú Abẹ́rẹ́ dùn dọ́ba. Àmọ́ àlàfo tó wà láàárín ètè àti ohùn ń gùn sí i. Ọ̀dọ̀ Alábàárìn ni ohùn ń gbà wá, Alábàárìn sì ti ń lọ.

Nígbà tí oòrùn pọ́n, Bàbá di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. Ó fi ètè sọ̀rọ̀, ó gùn. Nígbà tó parí, ó rẹ́rìn-ín láìsí ìró, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Wọ́n dúró. Sìpíkà dún ṣàà, ó dákẹ́. Òkúta ti wọ̀ sẹ́yìn òkè.

"Bàbá, kí lẹ sọ?"

Bàbá nawọ́ sí ojú ọ̀run, ó sì mu tíì rẹ̀ tán.

Láti ìgbà náà, Abẹ́rẹ́ kò bẹ̀ ẹ́ kó sọ̀rọ̀ mọ́. Oúnjẹ àti oògùn ló fi ń yọ ọ́ lẹ́nu. "Ẹ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ tí ọ̀rọ̀ yín bá padà dé," ló máa ń wí. "Tí n kò bá lóye ọ̀rọ̀ náà, ta ni mo fẹ́ bi?" Bàbá a kan apá àga rẹ̀.

Níjẹta, sìpíkà yẹn wà lórí pẹpẹ, Aláwàdà ti yọ gbogbo wáyà rẹ̀ fúnra rẹ̀. Sìpíkà náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Bàbá ni, gẹ́lẹ́ bí èjìká rẹ̀ ṣe gbọ̀n lọ́jọ́ náà, Bàbá sì wà nílé, ó ń sùn. Ẹ̀rín nìkan ló dé. Ọ̀rọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ ṣì wà lọ́nà.