Ohùn Tó Dé Etí Fádèyí

Ọjọ́ tí Firmin kọ́kọ́ rí Jádesọ́lá lọ́jà Sakété, eruku gàrí ti kun ìpéǹpéjú ọmọbìnrin náà funfun, ó di èjìká bàbá arúgbó kan mú, ó ń pariwo sí i létí bí ẹni ń jà.

"Arábìnrin, ẹ rọra," Firmin ní. "Kí ni bàbá ṣe yín?"

Jádesọ́lá bú sẹ́rìn-ín. "Bàámi ni. Etí wọn ò gbọ́ mọ́. Oníbàárà ló kí wọn, mo ń bá a jíṣẹ́ ni."

Ojú ti Firmin. Ó ra gàrí tí kò ní lọ́kàn, ó gbé e padà sí Pobè, níbi tó ti ń kọ́ni níṣẹ́ ẹ̀rọ iná. Kò pẹ́ tó tún fi dé.

"Ṣé ewúrẹ́ lẹ ń fi gàrí bọ́ ni?" Jádesọ́lá bi í.

"Gàrí ò tíì tán. Ojú yín ló ń wù mí í rí."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ wọn ṣe wọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Firmin dárúkọ ìgbéyàwó, ojú Jádesọ́lá rẹ̀wẹ̀sì. "Olólùfẹ́ mi, bí mo bá wá sí Pobè, ta ni yóò máa gbọ́rọ̀ fún Bàámi? Látìgbà tí Màámi ti kú, èmi ni etí wọn."

Firmin kò bínú. Ó ṣe àpótí kékeré kan. Mikró kan tó ń gba ohùn wà fún ẹnu ọ̀nà, ọ̀kan fún ìsọ̀, ọ̀kan fún ọrùn Bàbá Fádèyí, bàbá Jádesọ́lá. Ṣíìpù, ẹ̀yà ẹ̀rọ dúdú kékeré kan nínú rẹ̀, ni yóò máa yan èyí tí bàbá bá fẹ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n bí Bàbá Fádèyí ti ki okùn àpótí náà bọ etí, ló yọ ọ́. "Ó ń ha bí irin lórí àpáta. Ẹ jẹ́ kí n wà bí mo ṣe wà."

Ìtìjú kò jẹ́ kí Firmin dé Sakété mọ́. Jádesọ́lá ló gun alùpùpù wá bá a.

"Ìwọ yìí, ṣé àpótí lo fẹ́ fẹ́ ni, àbí èmi?"

Firmin rẹ́rìn-ín, ó mí kanlẹ̀. "Ohùn ènìyàn a máa gòkè, a máa sọ̀kalẹ̀ bí ìgbì omi. Iná tí mo fún ṣíìpù yìí, òkè nìkan ló mọ̀. Gbogbo ohùn tó bá sọ̀kalẹ̀, ó ń gé e dànù."

"Kí ló dé tí o ò fún un ní ti ìsàlẹ̀?"

"Yóò gba bátìrì kejì. Mi ò fẹ́ kó wúwo fún Bàbá."

"Bàámi tó ń ru ẹ̀gẹ́ láti oko Aguidi? Fi sí i, kódà kí o fi púpọ̀ sí i!"

"Rárá o. Bí iná bá pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ, á jóná. Bó bá kéré sí ohùn, á tún gé e."

Wọ́n jókòó pọ̀. Firmin wọn ohùn Jádesọ́lá níbi tó ti pariwo jù, wọ́n sì yan iná tí agbára rẹ̀ jẹ́ fólítì mẹ́rin ààbọ̀ fún òkè, mẹ́rin ààbọ̀ fún ìsàlẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé Sakété, Firmin tún ki okùn náà bọ bàbá létí, Jádesọ́lá sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò gbé ohùn sókè. "Bàámi, ẹ kú ilé."

Bàbá yíjú sí i. "Ohùn ìyá rẹ nìyẹn! N kò mọ̀ pé ó ti di tìẹ." Omijé bọ́ lójú rẹ̀. "Olódùmarè, mo dúpẹ́. Firmin ọmọ mi, mo dúpẹ́."

Firmin dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, Jádesọ́lá ni mo fẹ́ fi ṣaya."

Jádesọ́lá la ẹnu láti jíṣẹ́ náà bó ti máa ń ṣe. Bàbá gbọ́wọ́ sókè. "Mo gbọ́. Ó ti pẹ́ tí ọmọ yìí ti ń sọ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ fún mi. Jẹ́ kó sọ tirẹ̀."

Jádesọ́lá kúnlẹ̀ ti Firmin níwájú bàbá, ó sì sọ "bẹ́ẹ̀ ni" wẹ́lẹ́ sí Firmin létí, kí Firmin nìkan lè gbọ́.

"Àṣẹ!" ni Bàbá Fádèyí wí, nítorí mikró ọrùn rẹ̀ ti gbé e dé etí rẹ̀.