Ìdí Áyọ́nù Ni Wọ́n Ti Bá Ajíhìnrere

Àdúrà ìdájí ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní ìjọ àwọn ará Kòríà ní Flushing, ní ìlú New York, nígbà tí Alàgbà Pyo pe Ajíhìnrere Gyeong-suk sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ajíhìnrere, ẹni tó ń lọ aṣọ fún mi ní ilé ìfọṣọ ti kúrò. Ẹ wá dúró fún mi láàárín ọ̀sẹ̀."

"Alàgbà, iṣẹ́ ìjọ ni wọ́n torí ẹ̀ gbà mí wọ Amẹ́ríkà."

"Ilé ìfọṣọ mi ló ra dùùrù tẹ́ ẹ fi ń kọrin. Àbí ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ìjọ?"

Ta ló ń kọ̀ fún alàgbà láàárín wa? Ìjọ yìí náà ló ń bá Gyeong-suk béèrè ìwé ìgbélùú títí láé. Ọkọ rẹ̀ ti kú, Flushing ni wọ́n sin ín sí, Bo-ra ọmọ rẹ̀ kò sì mọ ilé mìíràn. Ó lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n yà sí ìjọ láìsọ tẹ́lẹ̀ láti wo iṣẹ́ tí Gyeong-suk ń ṣe. Pásítọ̀ ní ajíhìnrere lọ kí aláìsàn. Ìyá tó ń gé kábéèjì ní ilé ìdáná ìjọ ní ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì. Ìfẹ́ ló mú àwọn méjèèjì purọ́. Ọkùnrin náà jáde, ó sì rí obìnrin inú fọ́tò ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn gíláàsì ilé ìfọṣọ ní òdìkejì títì, pẹ̀lú áyọ́nù lọ́wọ́.

Ìmígíréṣọ̀n kò fún un ní ìwé ìgbélùú náà mọ́. Ìgbà yẹn ni ó tó lọ bá Lọ́yà Seok.

"Ìyá Bo-ra, kí ló dé tẹ́ ẹ ò kọ́kọ́ bi mí?"

"Alàgbà ló ní kí n wá."

"Alàgbà kọ́ ló ń fúnni níwèé. Iṣẹ́ tí ìjọ kọ ránṣẹ́ nìkan lófin mọ̀. Irọ́ àwọn ará yín ló wá dáná sun ìyókù. A ó ní kí wọ́n tún un yẹ̀ wò, òótọ́ la ó sì sọ. Ṣùgbọ́n ẹ múra ọmọ sílẹ̀."

Ìmígíréṣọ̀n kò gbà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ìyá àti ọmọ ń padà sí Kòríà, wọ́n lọ sí ibojì ọkọ rẹ̀. Gyeong-suk gé koríko orí rẹ̀.

"Màmá, ta ni yóò máa gé koríko Bàbá?" Bo-ra béèrè.

"Èmi ni," ni Alàgbà Pyo wí lẹ́yìn wọn. Kò gbójú sókè.

Ẹ̀yin tí ilé ìsìn mú wọ Amẹ́ríkà, iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ gbà yín nìkan ni kí ẹ ṣe. Bí àgbà bá gbé òmíràn wá, ẹ fi ọ̀wọ̀ kọ̀ ọ́, kí ẹ sì bi lọ́yà kí ọ̀rọ̀ tó bàjẹ́. Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ má fi irọ́ ṣàánú ẹnikẹ́ni. Bí ẹ kò bá mọ ibi tí ó wà, ẹ ní ẹ kò mọ̀.