Ọkùnrin Tó Ń Túmọ̀ Sinimá Gẹ̀ẹ́sì

Ìgbà tí Oyèníkẹ́ kọ́kọ́ fojú kan Dàpọ̀, iwájú aṣọ sinimá gan-an ló dúró sí, ojú òyìnbó obìnrin kan sì ń mì lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó ń fi Yorùbá túmọ̀ sinimá Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ fún àwọn ìyá àti bàbá tí wọ́n wá bá ọmọ wọn ní Calgary. Gbọ̀ngàn kan ní Saddle Ridge ni, ní ọdún 2015, snow sì ti bo gbogbo mọ́tò tó wà níta.

Nọ́ọ̀sì ni Oyèníkẹ́, ní ilé ìwòsàn kan ní Seton. Ìyá rẹ̀, tó wá kí i láti ilé, ló ní jíjókòó sínú ilé ti sú òun, ni wọ́n fi jọ wá.

"Obìnrin yìí ń sunkún o," ni Dàpọ̀ wí, "ṣùgbọ́n ẹ ò ní í rí omi lójú ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kì í jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀."

"Kí ló dé tó fi ń po tíì?" ni ìyá Oyèníkẹ́ bèèrè.

"Ẹkún náà nìyẹn, Mà."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọkàn Oyèníkẹ́ fà sí ọkùnrin náà lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí wọ́n tan iná, ó lọ bá a. "Ta ló kọ́ yín níṣẹ́ yìí?"

"Bàbá bàbá mi. Láyé àwọn òyìnbó, mọ́tò ìjọba máa ń gbé sinimá lọ sí abúlé wa, bàbá ni wọ́n ń mú dání kó máa túmọ̀ ẹ̀. Wọ́n fẹ́ ká máa fọwọ́, ká sì fẹ́ràn ọba wọn. Bàbá á túmọ̀ ti ọwọ́ fífọ̀, á fo ti ọba."

Oyèníkẹ́ rẹ́rìn-ín títí. Dàpọ̀ kò dákẹ́. Ó ní nígbà ogun Hitler, bọ́ǹbù ń bọ́ lu ilé, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lọ wo sinimá kí àyà wọn lè le. "Ìdí nìyẹn tí ọkùnrin inú ẹ̀ fi máa ń pa ìrora mọ́ra. Real gentleman."

"Gentleman kẹ̀? Wàhálà ni."

Báyìí ni ìfẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó di "Níkẹ́ mi" lẹ́nu Dàpọ̀, ìyá náà sì ń pe ọkùnrin náà ní ọmọ mi. Àfi bí epo rọ̀bì kò ṣe tà mọ́, tí ilé iṣẹ́ tí Dàpọ̀ ti ń ṣe enjiníà sì ní kó máa lọ.

Láti ọjọ́ náà ni gbogbo nǹkan ti dàrú. Bó bá pe Oyèníkẹ́, ọ̀rọ̀ snow ló máa ń sọ. "Níkẹ́ mi" pòórá. Nígbà tó yá, ó gbé bàtà òtútù tuntun wá fún un, ó ní, "I wish you well," ó sì lọ. Oyèníkẹ́ gbé bàtà náà, ó gbé e sílẹ̀. Ẹ̀bùn ni àbí ìdágbére?

"Ṣé ó kọ̀ ẹ́ ni?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"N ò mọ̀, Mà."

"Ṣé ó ṣì fẹ́ ẹ?"

"N ò mọ ìyẹn náà."

"Ọ̀la ni mò ń wọ bàálù. Kí ni kí n sọ fún bàbá rẹ? Ẹnu ẹni la fi ń kọ mi ò jẹ. Gbé mi lọ sílé ẹ̀, kó fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́."

Inú basement kan ní Pineridge ni Dàpọ̀ ń gbé. Oyèníkẹ́ sáré sọ̀ kalẹ̀ ṣáájú ìyá rẹ̀. Ó bá a láàárín páálí tó ti dì.

"Níbo lò ń lọ?"

"Toronto. Dóyin àbúrò mi ní iṣẹ́ wà níbẹ̀."

"O ò sì sọ fún mi?"

"Mo sọ. I wished you well." Ó ń wo ilẹ̀. "N ò níṣẹ́. Mo ní kí n kúrò lọ́nà rẹ jẹ́ẹ́jẹ́, kí n má fi ìyà mi yọ ẹ́ lẹ́nu. Ohun tí ọkùnrin gidi máa ṣe nìyẹn."

Ìgbà yẹn ló yé Oyèníkẹ́. Inú sinimá ni olólùfẹ́ rẹ̀ ti kọ́ bí a ṣe ń fẹ́ obìnrin! Inú bí i, àánú rẹ̀ sì ṣe é.

"Dàpọ̀, èmi kì í po tíì. Bó bá dùn mí, màá ké. Wò mí, mò ń ké. Ṣé o fẹ́ mi àbí o ò fẹ́ mi?"

Omi dà lójú Dàpọ̀. "Mo fẹ́ ẹ, Níkẹ́ mi. Ẹ̀rù ló bà mí."

"N ò gbọ́!" ni ìyá ké láti orí àtẹ̀gùn. "Sọ ọ́ sókè!"

Dàpọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín àwọn páálí. "Mà, mo fẹ́ fi Oyèníkẹ́ ṣe aya. Ṣùgbọ́n n ò níṣẹ́."

"Mo gbọ́ ti iṣẹ́. Àwọn òbí rẹ ńkọ́? Ọ̀dọ̀ wọn ni màá kọ́kọ́ yà tí mo bá délé. Ka nọ́ńbà ìyá rẹ fún mi."

"Ṣé kí n dìde, Mà?"

"Kà á ná."

Orí ìdọ̀bálẹ̀ níbẹ̀ ni Dàpọ̀ ti kà á.