Ẹsẹ̀ Rahmah Kò Kúrò Nílẹ̀

"Ẹ wò ó, pẹ́pẹ́yẹ ti ń bọ̀ o!"

Vincent tó ń ta fóònù ní Rye Lane, ní Peckham nílùú London, ló pariwo bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń dúró de bọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Rahmah, ọmọ àbúrò mi, kò tilẹ̀ wò wọ́n. Ó ń mi ìdí, ó ń ju apá, ó ń rìn kíákíá lọ sí Nunhead. Láti ọjọ́ náà, n kò ra ohunkóhun lọ́wọ́ Vincent mọ́, n kò sì ní í rà á láéláé.

Àmínát, àbúrò mi, ló bí Rahmah fún ọkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Japan. Peckham ni wọ́n ti tọ́ ọmọ náà. Ìdíje ìrìn ló yàn láàyò. Wọn kì í sáré níbẹ̀: ẹsẹ̀ kan gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ nígbà gbogbo. Bí méjèèjì bá gbéra pọ̀, rẹfirí á kọ káàdì pupa fún èèyàn. Bí káàdì bá pọ̀, wọ́n á yọ ọ́.

Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó wọ ìdíje kan. Ẹni tó bá gba ipò kìíní nìkan ni wọn yóò mú sínú ẹgbẹ́ London. Èmi àti Mìsítúrà, ọ̀rẹ́ rẹ̀, dúró ní kọ́nà kan lẹ́yìn igi. Kò sí rẹfirí níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan ti ṣíwájú Rahmah díẹ̀.

"Rahmah, sáré jàre!" Mìsítúrà kígbe. "Kò sẹ́ni tó ń wò ẹ́!"

Rahmah gbọ́. Ó bojú wẹ̀yìn, ó wo iwájú, ó wá di eyín pọ̀, ó sì ń rìn lọ. Ipò kejì ló gbà. Ó sunkún nínú bọ́ọ̀sì títí a fi délé.

"Fam, o ò bá ti wọ team," ni Mìsítúrà wí. "Ìwọ náà ti le jù!"

"Ká ní mo sáré lónìí, ẹsẹ̀ mi ì bá ti fi kọ́ra," ni Rahmah dáhùn. "Á tún fẹ́ sáré lọ́jọ́ mìíràn."

Nígbà tó jáde ilé ìwé, ó lọ sí yunifásítì ní ilẹ̀ bàbá rẹ̀, ó sì ń rìn níbẹ̀. Lọ́dún yìí ló wọ ìdíje àgbà ilẹ̀ Japan. A kóra jọ sí ṣọ́ọ̀bù aṣọ Àmínát, a ń wò ó lórí fóònù. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n parí, obìnrin méjì wà níwájú rẹ̀. Wọ́n fẹ́ já ara wọn sílẹ̀, ẹsẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra.

"Rahmah, jọ̀ọ́, má sáré o!" Àmínát ń bẹ fóònù.

Rẹfirí yọ àkọ́kọ́. Ó yọ ìkejì. Rahmah kò gba káàdì kankan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òun ló kọ́kọ́ dé, ó sì tẹrí ba fún ọ̀nà tó rìn, bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀. Ariwo tí a pa mú kí àwọn èèyàn yà wọlé láti Rye Lane.

"Ọmọ wa ni!" ni mo ń sọ fún ẹni tó béèrè àti ẹni tí kò béèrè.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí ẹ bá fi kọ́ ara yín níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti rí yín, òun náà ni ara yín máa ṣe lọ́jọ́ tí gbogbo ayé bá ń wò yín.