Òwú Tí A Fi Wọn Tèmilọlá

Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó gbà mí gbọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó ṣẹlẹ̀, ní Ẹdẹ yìí, lójú ọ̀nà tó lọ sí Sẹ̀kọ̀nà, nínú ṣọ́ọ̀bù Fèyísọ́lá aránṣọ. Ìṣó tí ọ̀rọ̀ náà dá lé ṣì wà lára ògiri. Ẹni tó bá wù lè lọ wò ó.

Ọ̀sán kan báyìí ni, ọ̀sán tí kò yàtọ̀ sí òmíràn. Fèyísọ́lá ní kí Tèmilọlá, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, bọ́ bàtà, kó fẹ̀yìn ti ògiri. Ọmọ náà ti tó ẹni tí ń lọ sí yunifásítì, síbẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ìyá rẹ̀ mú òwú búlúù, ó fi orí kan rẹ̀ lé àtàrí ọmọ, ó fà á wálẹ̀ dé gìgísẹ̀.

"Màámi, ẹ má ka irun mọ́ ọn o," ni Tèmilọlá wí. "Wọn á ní mo fi irun purọ́."

"Dúró jẹ́ẹ́."

Ó gé òwú náà.

Níta, Ahmad tí ń tún fóònù ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kejì ń dá wọn lápárá. Ó ti gbọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ ìjọ Àgùdà ń lọ ṣe ìrìnàjò mímọ́ sí Fátímà, ní ilẹ̀ Pọ́túgà. Ó ní ẹ̀yin náà ti ń lọ sí Hájì nìyẹn, ọ̀dọ̀ Fàtímà tiwa lẹ sì ń lọ, ẹ bá wa kí i. Tèmilọlá dá a lóhùn láti inú ilé pé àwọn á kí i, àwọn á sì sọ fún un pé Ahmad kì í dá fóònù oníbàárà padà lọ́jọ́ tó bá dá.

Ó yẹ kí Tèmilọlá wà lára àwọn tí ń lọ. Ṣùgbọ́n ó ní àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde, egungun sì tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Dókítà ní kò gbọdọ̀ wọ bàálù. Àwọn tó ti dé Fátímà rí wá sọ àṣà ibẹ̀ kan fún ìyá rẹ̀. Wọ́n ní èèyàn lè ra àbẹ́là tó ga tó ẹni tí ó ń gbàdúrà fún, kó gbé e sínú iná ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àdúrà. Bí àbẹ́là bá ṣe ń jó, kí àìsàn máa bá a jó lọ. Ìdí tí Fèyísọ́lá fi wọn ọmọ rẹ̀ nìyẹn.

Ọládipúpọ̀ ló gbé òwú náà fún. Òun ni ààrẹ àwọn ọ̀dọ́. Láti ìgbà tó ti ń ṣe ọmọ pẹpẹ ni Fèyísọ́lá ti ń ránṣọ fún un. Kò nílò téèpù mọ́ láti mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ó fi nǹkan bí àtẹ́lẹwọ́ kan ga ju Tèmilọlá lọ. Ó jẹun nílé wọn ju bí èèyàn ṣe lè kà lọ. Bó bá wọ ṣọ́ọ̀bù, á na ọwọ́ sókè, á fi fìlà rẹ̀ kọ́ ìṣó tó wà lókè dígí, bí ẹni tó dé ilé ara rẹ̀.

"Màmá Tèmi, ẹ fọkàn balẹ̀," ló wí. Ó ká òwú náà mọ́ pépà, ó tì í bọ àpò àyà.

Wọ́n lọ.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, ara Tèmilọlá le sí i. Ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù nígbà tí Ọládipúpọ̀ pè. Fèyísọ́lá gbọ́ orin lẹ́yìn ohùn rẹ̀, orin èèyàn púpọ̀, bí ìgbà tí odò ń ṣàn lọ.

"Mo ti tàn án, Màmá Tèmi. Ó ń jó báyìí."

Wọ́n ti ń múra àtigbé Tèmilọlá lọ sí ọsibítù ńlá ní Òṣogbo nígbà náà. Fèyísọ́lá ní kí wọ́n ṣe sùúrù díẹ̀. Àbẹ́là ti ń jó. Ó tẹ̀ ba ọmọ rẹ̀, ó sọ fún un. Tèmilọlá béèrè bóyá ó ga tó òun lóòótọ́. Ìyá rẹ̀ ní ó ga tó o. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti kú.

Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ padà dé, wọ́n wá kí i, gbogbo wọn, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà lọ́rùn. Ọládipúpọ̀ dọ̀bálẹ̀, ó sunkún. Fèyísọ́lá fọwọ́ kàn án lórí, ó ní kó dìde. Ẹ̀yìn èyí ni Bùkọ́lá, ọ̀rẹ́ Tèmilọlá tó bá wọn lọ, dá wá. Ó gbé ìgò omi mímọ́ kalẹ̀ lórí tábìlì. Ó tún fi nǹkan kan lé ìyá lọ́wọ́.

Òwú náà ni.

Bùkọ́lá ní òun rò pé ìyá á fẹ́ kó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọládipúpọ̀ ló sọ ọ́ nù, òun sì ṣà á. Ní Fátímà, èrò pọ̀ débi pé ẹni tó ń mú wọn kiri ní kí olúkúlùkù tan àbẹ́là kan péré. Ọládipúpọ̀ dúró síwájú ẹni tí ń ta àbẹ́là. Ó tú òwú náà wò, ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bọ́ bàtà, ó fi òwú náà wọn ara rẹ̀. Kò tó o. Ó fa òwú funfun yọ létí áńkáṣífù, ó so ó mọ́ ọn, ó sì fi han ẹni náà, nítorí kò gbọ́ èdè wa. Ó sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé bí Màmá Tèmi ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn.

Fèyísọ́lá wo òwú náà. Búlúù. Kókó. Funfun, bí àtẹ́lẹwọ́ kan.

"Kí ló tọrọ?"

"Ó fẹ́ lọ kàwé lókè òkun, mà. Ìwé ìgbàwọlé rẹ̀ ti jáde." Bùkọ́lá wolẹ̀. "Wọ́n ní lójijì ni."

Nígbà tí Bùkọ́lá lọ, Fèyísọ́lá gun àpótí, ó ká òwú náà mọ́ ìṣó tó wà lókè dígí, ó jẹ́ kí orí funfun rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀. Kò gégùn-ún. Kò ka àdúrà. Ó kàn gbójú sókè sí àwòrán Màríà tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó bá a sọ̀rọ̀ bí ìyá ṣe ń bá ìyá sọ̀rọ̀.

"Ìwọ náà sin ọmọ rí," ló wí. "Wò ó."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ahmad yọjú. Ó ní kí ìyá má jẹ́ kí iná jó àwọn mọ́lé, òórùn àbẹ́là ń wọ ọ̀dọ̀ òun. Fèyísọ́lá ní òun ò tan àbẹ́là. Àwọn méjèèjì dúró, wọ́n ń fimú fa afẹ́fẹ́. Òórùn náà wà níbẹ̀. Ahmad wò kiri, kò rí nǹkan kan, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Fèyísọ́lá gun àpótí. Orí òwú funfun náà ti dúdú. Ó fi ìka kàn án. Ó gbóná, ó sì rọ̀, bí ìda tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni Ọládipúpọ̀ gbé ṣòkòtò kan wá, èyí tí Fèyísọ́lá rán fún un kó tó rìnrìn àjò. Ó ní aṣọ náà ti fà, ó ń wọ́lẹ̀. Ìyá kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó fi abẹ́rẹ́ sẹ́nu, ó wọ̀n ọ́n. Aṣọ náà kò fà.

Ó gé e, ó ṣẹ́ etí rẹ̀, ó rán an.

Ó tún gbé e padà wá. Lọ́jọ́ náà, ó ń ṣàwàdà pé ìyá òun ní òkun ti fọ òun, òun sì súnkì bí aṣọ. Fèyísọ́lá kò rẹ́rìn-ín. Ó gé e.

Nígbà tó tún dé, kò ṣàwàdà mọ́. Ó na ọwọ́ sókè láti fi fìlà kọ́ ìṣó. Ọwọ́ rẹ̀ kò tó o. Ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró, kò tó o síbẹ̀. Nígbà náà ló wo ohun tó wà lára ìṣó, ó sì mọ̀ ọ́n.

Iná mànàmáná lọ. Gbogbo ẹ̀rọ ìránṣọ tó wà ní òpópónà náà dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú ìdákẹ́ yẹn, wọ́n gbọ́ ọ, àwọn méjèèjì: ohùn kékeré kan láti òkè dígí, bí ìgbà tí ìda bá kán sínú omi.

"Màmá Tèmi."

"O ní o ti tàn án."

"Mo dárúkọ rẹ̀, mà. Mo dárúkọ rẹ̀ lẹ́nu."

"Lẹ́nu."

Ọládipúpọ̀ fa àpótí, ó gùn ún, ó di òwú náà mú. Ó jù ú sílẹ̀ kíá. Ìka rẹ̀ ti lé ròrò. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní kí ìyá bá òun tú kókó náà, tàbí kó da omi mímọ́ sí i. Ìgò wà lórí tábìlì. Sísọ́ọ̀sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fèyísọ́lá ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ó ti rò ó tán nínú ara rẹ̀. Iná náà á jó funfun, á dúró síbi kókó. Ọládipúpọ̀ á wá ga tó Tèmilọlá géérégé. Á máa gbé ìwọ̀n ọmọ òun kiri ìgboro Ẹdẹ títí ayé rẹ̀. Ìyẹn tó òun.

Iná náà dé kókó láàárọ̀ kan tí ọyẹ́ mú. Fèyísọ́lá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣílẹ̀kùn nígbà tí Ọládipúpọ̀ wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Kò kí i. Ó bọ́ bàtà, ó lọ fẹ̀yìn ti ògiri níbi tí Tèmilọlá ti dúró, bí ẹni pé wọ́n ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó wà, ọkàn ìyá já. Orí rẹ̀ dé ibi tí orí ọmọ náà dé. Gẹ́lẹ́.

"Màámi," ló wí.

Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí.

"Bó bá kọjá kókó," ló wí, jẹ́jẹ́, "kì í ṣe tèmi ló ń jó mọ́. Ti Tèmilọlá ni. Ẹ tú u, mà."

Fèyísọ́lá mú sísọ́ọ̀sì. Ó gun àpótí. Ó fi ìka méjì di kókó náà mú. Kò jó o lọ́wọ́. Ó kàn gbóná bí iwájú orí aláìsàn. Bó bá gé e níbẹ̀, búlúù á kù lódindi. Ìwọ̀n ọmọ rẹ̀ láti àtàrí dé gìgísẹ̀ á kù sí i lọ́wọ́. Èyí tó dúró ti ògiri yìí á sì bọ́.

Ó rántí ohùn kan nínú fóònù, pẹ̀lú orin lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń jó báyìí.

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó gbé sísọ́ọ̀sì sórí tábìlì.

"Jẹ́ kó jó," ló wí.

Láti ọjọ́ yẹn, kò fojú kan Ọládipúpọ̀ mọ́. Wọ́n ní ó ti rìnrìn àjò. Àwọn kan ní ó wà nínú yàrá, kò ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni, Fádà pàápàá kàn án tì. Bùkọ́lá kì í gba òpópónà náà mọ́. Ahmad ti gbé tábìlì rẹ̀ lọ sí òdìkejì títì, kò sì sọ ìdí. Ìyá Ọládipúpọ̀, Bọ́lánlé, ló ń gbé ṣòkòtò wá, nínú ọ̀rá dúdú. Kì í wojú Fèyísọ́lá. Á ní kó bá òun gé e. Fèyísọ́lá á béèrè ibi tí òun á gé e dé. Bọ́lánlé á fi ọwọ́ hàn án, á sì yí ojú sẹ́yìn.

Nígbà mìíràn, lọ́sàn-án, tí kò bá sí oníbàárà, Fèyísọ́lá á lọ dúró síwájú ògiri. Á gbé ọwọ́ sókè láti fi hàn ibi tí orí Tèmilọlá dé. Ọwọ́ náà á lọ sókè, á sọ̀ kalẹ̀, á tún lọ sókè. Kò rántí mọ́.

Òwú búlúù náà ṣì wà lára ìṣó. Ohun tó kù kò ju èyí tí èèyàn lè fi rán bọ́tìnnì kan mọ́ aṣọ. Lábẹ́ rẹ̀, lórí àga, ṣòkòtò kan wà tí wọ́n ti gé, tí wọ́n ti lọ̀, tí wọ́n ti ká. Kò tíì sẹ́ni tó wá gbà á.